Ẹrù Àna Mi Lórí Òkè Amúnikùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọdẹ òde òní, kí ẹ sì sọ àwọn àpò yín kalẹ̀ síwájú mi kí n wo inú wọn kí n tó la ẹnu mi. Ẹ wò ó! Ìwọ, ṣé tìmùtìmù lo gbé lọ sí igbó? Ìwọ ńkọ́, dígí ìwojú àti sálúbàtà mẹ́ta? Ẹsẹ̀ mélòó ni Ọlọ́run dá mọ́ ọ? Ojú mi rí nǹkan! Nígbà tí èmi ṣì ń ṣọdẹ, ẹni tó bá di irú ẹrù yìí, a máa ń bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde nílé. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ gbọ́ bí èmi Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ìlú Ìdó-Arẹ̀, ṣe gun Òkè Amúnikùn nínú ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná. Mo gùn ún, mo dé góńgó rẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí sì mọ̀ pé n kì í purọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Kì í ṣe ẹran ló gbé mi lọ. Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, ni ojú rẹ̀ dì nígbà ọyẹ́. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó ní ojú ń yún òun. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀, ọmọ tó máa ń sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà sì di ẹni tó ń táràrà kiri inú yàrá. A fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a fi ewé sí i, pàbó ló já sí. Yèyé Ibídùn, ìyá àgbà tó ti tọ́jú gbogbo ọmọ àdúgbò wa, ló sọ fún wa pé ìsun kan wà ní góńgó Òkè Amúnikùn tí omi rẹ̀ máa ń la ojú. Ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ gbé omi náà délé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, nítorí bí òjò bá fi lè bá ojú ọmọ náà ní dídì, kò ní í là mọ́ láéláé. Ọjọ́ méje ni lílọ, ọjọ́ méje ni bíbọ̀, ìkùukùu sì ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Inú mi bà jẹ́ dé ibi tí n kò lè jẹun.

Ẹ wá gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń di ẹrù. Mo kó gbogbo ohun tí mo ní sílẹ̀, mo sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe fún mi lókè. Ìbọn kò rí èsì fún mi, mo gbé e padà sára ògiri. Ẹ̀ ń pariwo? Ẹ pariwo dáadáa! Ṣé omi ni mo fẹ́ yìn níbọn? Bàtà kan ṣoṣo tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti tó. Mo mú àdá, mo sì gé ìdajì èèkù rẹ̀ sọnù, nítorí ọwọ́ mi kan kò kún èèkù tán. Mo mú ọ̀bẹ, ìṣáná mẹ́wàá nínú agolo kékeré tó ti dípẹtà tó sì lu lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgò omi kan, gààrí àti kúlíkúlí, pẹ̀lú aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Mo gé èékánná mi pàápàá. Nígbà tí mo gbé àpò náà kọ́ èjìká, ó fúyẹ́ bí ẹni pé ọmọ adìyẹ ló bà lé mi. Mo rìn yíká ilé lẹ́ẹ̀mejì, orí mi sì wú.

Ní ìlú wa, bí ọdẹ bá ń lọ sí ìrìn jíjìn, ìyàwó rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kèrègbè kékeré kan mọ́ ìdí àpò rẹ̀. Kèrègbè náà máa ń ṣófo, ọdẹ kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Àṣàbí ìyàwó mi so tirẹ̀ mọ́ àpò mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo jáde. Kèrègbè yìí ń gbá mi nídìí ní gbogbo ìṣísẹ̀, kọ́ọ́-kọ́ọ́-kọ́ọ́. Mo ní, èmi tí mo gé èékánná mi, ṣé èmi ni n óò wá máa gbé òfìfo kiri nítorí àṣà àwọn obìnrin? Nígbà tí mo dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà ní ààlà ìlú, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn náà, mo fi kèrègbè kọ́ ẹ̀ka igi, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹnì kejì tó bá mi lọ ni Ògúnmọ́dẹdé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ní ojú ọmọ àbúrò òun kò lè dì kí òun jókòó sílé. Àna ni, ẹ sì mọ̀ pé a kì í yájú sí àna. Níwájú rẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Nítorí ẹrù tí ọkùnrin yìí dì, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni ń kó kúrò nílé ni! Ìkòkò irin wà níbẹ̀. Iṣu mẹ́fà wà nínú ìkòkò náà. Ẹní, agboòrùn, aṣọ òtútù méjì, àga onígi tó ń ká, ọlọ kékeré, agbè omi ńlá, àti àpò kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bá mi ní ìdí àpáta àkọ́kọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn sì ti mú kí ẹ̀wù gbérí ọdẹ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọlọ náà yóò bá wa gun òkè ni?”

Ó ní, “Ọdẹ́bùnmi, mi ò lè jẹ ata tí a kò lọ̀.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n.” Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

N kò ní í sọ bí a ṣe rìn àti bí a ṣe sùn, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń rìn tó sì ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹnu àbáwọlé òkè náà, níbi tí àpáta méjì ti kọjú síra. Láàárín wọn ni ẹ̀dá kan jókòó sí, etí kan ṣoṣo ló ní, etí náà sì fẹ̀ tó atẹ aláta. Elétí-Atẹ ni mo sọ ọ́, n kò bi í ní orúkọ rẹ̀. Ọdẹ mìíràn ì bá ti tọ̀ sára. Èmi wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní nínú ara mi pé bí atẹ́gùn bá gbé etí yìí, irú ẹ̀dá wo ni yóò kù?

Elétí-Atẹ ní, “Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ń dún wìnnìwìnnì, ọ̀kan ń dún gbìdìgbìdì. Ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó kọjá: kí ni ń wúwo sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan kún un?”

Mo ní, “Àárẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé ìlú wa mọ ìyẹn. Ìbéèrè tí o rí bi ògbólógbòó ọdẹ nìyí?”

Ó yí etí rẹ̀ sí àna mi. “Ìwọ ẹlẹ́rù ńkọ́?”

Ògúnmọ́dẹdé nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ àbúrò mi tó wà nílé ni. Bí mo ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo sí i lọ́kàn mi.”

Etí náà mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀dá náà ní, “Ẹ̀yin méjèèjì gbà á. Èyí àkọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ ni, èyí èkejì ti àyà ni. Ó ku owó ibodè. Kí olúkúlùkù yín fún mi ní ohun tó wúwo jù nínú ẹrù rẹ̀.”

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ní ọjọ́ ti pé fún ẹlẹ́rù! Ògúnmọ́dẹdé gbé ìkòkò irin sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń lọ sí ẹ̀yìn odi. Ó kó iṣu rẹ̀ jáde sínú àpò mìíràn. Ó kàn mí, mo sì rí i pé ìgò omi mi ló wúwo jù nínú tèmi. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ṣí i, mo mu omi inú rẹ̀ tán, mo gbé ìgò òfìfo fún un, mo sì yínmú sí i. Elétí-Atẹ kò bínú. Ó kàn ní, “Ìwọ tó gbọ́n yìí, ó mà kù díẹ̀ kí o gbọ́n tán o.” Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù.

Láti ibẹ̀ lọ, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpáta, àpáta náà sì ń jó wa. Mo wà níwájú ní gbogbo ìgbà. Bí òǹgbẹ bá gbẹ mí, mo máa ń jókòó de àna mi, yóò sì bu omi fún mi láti inú agbè rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mu ún, mo sì ń ka ẹrù rẹ̀ bí mo ṣe ń mu ún: ọlọ rèé, agboòrùn rèé, àga rèé. Mo ní bí a bá padà délé, n óò ròyìn àga yìí fún gbogbo ọdẹ títí n óò fi kú.

Ọ̀rọ̀ àga náà ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀nà tín-ín-rín kan gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, ọ̀gbun wà ní apá òsì, ògiri àpáta wà ní apá ọ̀tún. Obìnrin kan dúró gbọnrangandan sójú ọ̀nà náà. Ó ga ju ilé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń sunkún, omijé rẹ̀ sì ń ṣàn lórí àpáta.

Mo ní, “Ìyá, ẹ yà fún wa, a ní iṣẹ́ ṣe.”

Ó ní, “Ṣé o lè fún mi ní ohun tí n kò fi ọwọ́ gbà, tí n kò fi ẹnu jẹ, tí ara mi yóò sì dúpẹ́?”

Mo ní, “Èmi kò ní ohun tí kò wúlò nínú àpò mi.” Mo rò pé ìdáhùn tó dára nìyẹn. Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, mo kó ara mi jọ, mo sì sá gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ta ni nínú yín tó lè ṣe é pẹ̀lú tìmùtìmù lẹ́yìn? Obìnrin náà bú ramúramù, ó nawọ́ gán aṣọ ìbora mi, ó fà á, mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ọ̀gbun, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò sì gbọ́ ìró ibi tó balẹ̀ sí. Mo jọ̀wọ́ aṣọ fún un, àti àpò gààrí tó wà nínú rẹ̀. Mo bọ́. Mo lúgọ sẹ́yìn àpáta, mo ń yọjú wo bí obìnrin náà yóò ṣe pa àna mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe? Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ìgbà wo lẹ jókòó kẹ́yìn?” Obìnrin náà ní òun kò jókòó rí láti ìgbà tí òkè ti wà, nítorí àpáta gbóná jù. Ògúnmọ́dẹdé sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú àga onígi rẹ̀, ó na án, ó sì fi aṣọ òtútù kan tẹ́ ẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi ni àga náà ṣe ń fẹ̀ sí i tó fi gba obìnrin náà. Ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé gbígbẹ fò kúrò lórí àpáta. Ó ní kí àna mi máa lọ, kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo jáde láti ẹ̀yìn àpáta, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire o.” Orí ire ni mo pè é. Ẹnu mi kò gbà á láti pè é ní ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ keje, mo fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kí ni mo tún gbé? Àdá, ọ̀bẹ, agolo ìṣáná àti ṣòkòtò ìdí mi. Mo sáré gun góńgó náà bí ewúrẹ́, mo dé ìsun náà kí oòrùn tó kan àtàrí, mo sì hó yèè. Omi náà mọ́ gaara nínú kòtò òkúta kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin àgbà kan jókòó sí, kò ga ju ọmọ odó lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì wà nínú omi.

Ó ní, “O káre, asáré-dé. Bu omi.”

Mo kúnlẹ̀. Mo na ọwọ́ mi.

N kò ní nǹkan tí mo fẹ́ bu ú sí. Mo mú agolo ìṣáná, omi gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo wá ewé, àpáta lásán ló wà níbẹ̀. Mo bu omi sínú àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, mo dìde, mo rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó ti jò tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu mu ún, mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìrìn ọjọ́ méje níwájú mi.

Ọkùnrin àgbà náà ní, “Ọjọ́ méje ni o óò fi pa ẹnu mọ́? Ìwọ?” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí mo ti ń wo àwọn ẹlòmíràn. “Mo ti rí adẹ́tẹ̀ tó wá síhìn-ín, mo rí arọ tó wọ́ wá. N kò tí ì rí ẹni tó wá pọnmi tí kò mú nǹkan ìpọnmi dání. Ohun tó bá sì ti gbé omi mìíràn rí kò lè gbé omi mi. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀-yíyá ni wọ́n rán ọ, àbí olómi?”

Mo tú omi ẹnu mi dànù. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún. Mo rántí kèrègbè tí mo fi kọ́ igi àgbálùmọ̀. Mo rántí omi ojú Àṣàbí. Mo rí Àwẹ̀ró tó ń na ọwọ́ wá ògiri, ìkùukùu sì ti dúdú ní ìwọ̀ oòrùn.

Gbìdìgbìdì, gbìdìgbìdì, àna mi dé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó tutù. Ó wá ṣí àpò tó ní òun kò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì mú kèrègbè kékeré kan jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Okùn tí mo gé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti ta á ní kókó tuntun.

Ó ní, “Mo rí i lórí igi àgbálùmọ̀. Àṣàbí ló so ó. N kò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀.”

N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta gbígbóná náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un láti inú wá nìyẹn. Ó ní, “Dìde, àya rẹ yóò bó.”

Ọkùnrin àgbà náà ní, “Ẹ gbọ́ òfin mi. Ẹni tó gbé ohun ìpọnmi wá ni yóò gbé omi lọ, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù mìíràn mọ́ ọn. Ohunkóhun tí ẹ gbé wá kò sì gbọdọ̀ kù sórí òkè mi.” Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ìwọ ṣófo, àbí?”

Báyìí ni èmi Ọdẹ́bùnmi, tí mo gé èèkù àdá, gbé ọlọ rù. Mo gbé ẹní, mo gbé agboòrùn, mo gbé agbè omi, mo gbé iṣu tó kù. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́sẹ̀-wíwú, ara ti tù ú, ó dìde, ó gbé àga àti aṣọ lé mi lórí, ó sì da aṣọ ìbora àti àpò gààrí mi padà fún mi. Nígbà tí a dé ẹnu àbáwọlé, Elétí-Atẹ ní òun ti gbọ́ òfin tó wá látòkè. Ó gbé ìkòkò irin lé gbogbo rẹ̀, ó ki ìgò mi bọ inú rẹ̀, ó sì tẹ́tí sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ta ló ń dún gbìdìgbìdì báyìí?” Ọrùn mi ti wọ inú èjìká. Bí ìkùukùu ṣe ń lé wa bọ̀ lẹ́yìn ni mo ń sáré, ọlọ yẹn sì ń gbá mi lórí títí irun àárín rẹ̀ fi re dànù.

A dé ìdí igi àgbálùmọ̀, ààrá sì ti ń sán. Àna mi dúró. Ó sọ ẹrù náà kúrò lórí mi, ó gbé gbogbo rẹ̀ ru ara rẹ̀, ó sì fi kèrègbè omi lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òfin ọkùnrin yẹn ńkọ́?”

Ó ní, “A ti kúrò lórí òkè rẹ̀. Máa sáré. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló yẹ kí Àṣàbí ti rí i.”

Mo sáré. Àṣàbí gba omi lọ́wọ́ mi, ó fi wẹ ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ń bọ́ sórí páànù nígbà tí ìpéǹpéjú rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ṣẹ́jú. Ó wò mí lọ títí. Ó ní, “Bàbá mi, kí ló jẹ irun àárín orí yín?” Mo gbé e mọ́ra.

Nígbà tí ọmọ sùn lọ, Àṣàbí mú kèrègbè náà, ó ń yí okùn ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, “Bàbá Àwẹ̀ró, ta ló tún okùn yìí ta?”

Mo lè purọ́. Àna mi ti fún mi ní àyè rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Èmi ni mo gé e.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Kókó Ẹ̀gbọ́n mi ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ta sí okùn aṣọ mi nígbà tí mo wà ní kékeré.” Ó so kèrègbè náà padà mọ́ ìdí àpò mi, ó sì wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.

Òun nìyí ní ìdí àpò mi títí di òní, ó ṣófo, ó sì ń dún kọ́ọ́-kọ́ọ́. Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ kó tìmùtìmù yín kúrò níwájú mi, ẹ kó dígí yín, kí ẹ da sálúbàtà méjì nínú mẹ́ta nù. Òpònú ni yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó da ohunkóhun nù, ẹ mú un wá, kí n kọ́kọ́ wo ẹni tó so ó mọ́ àpò yín.